Ọ̀rọ̀ Àdásọ Ìṣẹ́jú Méjì: Àkọsílẹ̀ Ìmúrasílẹ̀ fún Ọ́díṣọ̀n, láti Oǹdó dé Àkúrẹ́

Ohun tí ìkéde ọ́díṣọ̀n náà, ìyẹn ìdánwò tí a fi ń yan òṣèré, béèrè kò pọ̀: kí òṣèré mú ọ̀rọ̀ àdásọ kan wá ní èdè Yorùbá, kí ó má kọjá ìṣẹ́jú méjì, kí ó má sì lo orin, aṣọ eré tàbí ohun èlò kankan. Gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ni ọ́díṣọ̀n náà yóò ti wáyé, eré orí ìtàgé ni wọ́n sì ń wá òṣèré fún. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní ìlú Oǹdó, fẹ́ lọ. Èmi ti bá ẹgbẹ́ eré rìn fún ọdún pípẹ́, ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni mo sì máa ń wà jù, níbi tí a ti ń rán òṣèré létí ọ̀rọ̀ tí ó bá gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi di ti àwa méjèèjì.

Nígbà tí mo ní kí ó ṣe èyí tí ó ti ní lọ́wọ́ fún mi, ó dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì kà á bí àwọn ọmọdé ṣe ń ka àkọ́sórí lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Àléébù yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà dá lé lórí.

1. Irinṣẹ́ àti owó

A lo fóònù kan tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì ní aago tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá, pẹ́ńsù, ṣọ́ọ̀kì, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, àti rọ́bà omi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lítà mẹ́ta. Ìwé tí a tẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́jọ ní ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ₦800. Ṣọ́ọ̀kì àti pẹ́ńsù gba ₦500. Dátà gba ₦1,000. Télọ̀ gba ₦1,500 láti tún aṣọ dúdú kan tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ṣe kí apá rẹ̀ má baà fún un. Owó ọkọ̀ àwa méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́ àti àbọ̀ jẹ́ ₦8,000. Oúnjẹ àti omi ọjọ́ náà jẹ́ ₦3,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦15,300. Ẹnìkan pè wá pé kí a san owó díẹ̀ kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ síwájú. A kò san án. Èrò mi ni pé ẹni tí ó ń wá òṣèré ló yẹ kí ó máa náwó, kì í ṣe òṣèré.

2. Wíwá ọ̀rọ̀

Èyí tí ó kọ́kọ́ ní lọ́wọ́ ni ẹkún obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn tí ń lọ sí ọ́díṣọ̀n fẹ́ràn irú rẹ̀, nítorí pé omijé máa ń jọ ẹ̀rí pé ènìyàn mọ eré ṣe. Wàhálà rẹ̀ ni pé orí òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀; bí ẹkún bá ti dé góńgó ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kò sí ibi tí yóò gbà lọ mọ́, ìṣẹ́jú méjì yóò sì gùn bí ọjọ́. A tì í sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni a gbìyànjú ewì kan tí ó kún fún oríkì. Ó dùn ún gbọ́, ohùn àbúrò mi sì bá a mu, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́tí sí ohun tí fóònù gbà sílẹ̀, akéwì ni a gbọ́, a kò gbọ́ ènìyàn kan tí ó ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Adájọ́ tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ó ní ohùn. Kò ní mọ̀ bóyá ó lè bá òṣèré mìíràn ṣeré.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ tiwa. Kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀, ẹ ka ìkéde dáadáa, nítorí pé àwọn olùdarí eré kan máa ń béèrè ọ̀rọ̀ láti inú eré tí a ti tẹ̀ jáde. Ìkéde tiwa kò béèrè bẹ́ẹ̀. Inú ìtàn ìlú wa ni mo ti yọ ọ́. Gbogbo ọmọ Oǹdó ni ó gbọ́ nípa Pupupu, obìnrin tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun ni Òṣemàwé, ìyẹn ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, tí a sì tún ń rántí rẹ̀ nínú oyè Lóbùn, ọba obìnrin tí ó ni ọjà. Ìbejì ni wọ́n bí i, ìbejì sì jẹ́ èèwọ̀ nígbà náà, wọ́n wá lé ìyá àti àwọn ọmọ jáde. Àwọn kan ní ìyàwó Odùduwà ni ìyá yìí, àwọn mìíràn ní ti Aláàfin ni. N kò dá sí àríyànjiyàn náà. Ìyá yẹn ni mo fún ní ọ̀rọ̀ sọ. Ọdẹ tí ó sìn wọ́n wọ inú igbó tí ó sì fẹ́ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo fi tirẹ̀ kún un, nítorí pé mo nílò ẹni tí ó lè kọ̀.

Èyí ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nígbẹ̀yìn:

«Baba ọdẹ, ẹ má lọ. Ẹ dúró kí oòrùn ó wọ̀ tán. Mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín: kí ẹ sìn wá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbúròó wa, kí ẹ sì yí padà. Ẹ ti sìn wá dé. Iṣẹ́ ọba ti parí. Ọ̀rọ̀ tí ó kù, tèmi ni.

Ẹ wò wọ́n. Ẹ ò tíì wò wọ́n láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Ẹ̀yìn ni ẹ kọ sí wa, tí ẹ ń la ọ̀nà lọ. Èyí tí ó wà lápá ọ̀tún yìí, obìnrin ni. Òun ni kì í sunkún. Wọ́n ní èèwọ̀ ni wọ́n. Ṣé èèwọ̀ a máa rẹ́rìn-ín lójú oorun? Ṣé èèwọ̀ a máa di ìka ìyá rẹ̀ mú?

N ò ní kí ẹ mú wa padà. Ààfin tí ó lé ọmọ ọjọ́ méje jáde, kí ni mo tún gbàgbé síbẹ̀? Iná ni mo ń tọrọ. Ẹ dá iná fún wa. Ẹ fi àdá yín sílẹ̀. Ẹ fi ibi tí omi wà hàn mí, kí n tó wá a nínú òkùnkùn.

Baba ọdẹ! Ẹ ti ń lọ?

Ó dáa. Bí wọ́n bá bi yín nílé, ẹ ní ẹ fi wá sílẹ̀ láàyè. Ẹ ní obìnrin náà ní kí wọ́n máa ka ọdún. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé onílé, yóò kọ́ tirẹ̀. Ẹ máa lọ.»

3. Gígé

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí a kọ́kọ́ gé ni ìtàn: mo ti jẹ́ kí ìyá náà ka ìran ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀ fún ọdẹ tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gé òwe. Mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́ nínú igbó pẹ̀lú ọmọ tuntun kò ní àyè láti tò òwe. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà lókè yìí, ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta pẹ̀lú ìdákẹ́. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kù sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, nítorí pé èémí máa ń gùn sí i níwájú adájọ́, àwọn mìíràn sì máa ń dá òṣèré dúró bí aago bá ti lù, ì báà jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kù.

4. Níbo ni ọdẹ dúró?

A kọ́kọ́ gbé àga kan síwájú rẹ̀ pé kí ó fi ṣe ọdẹ. Kò ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí ibi ìjókòó àga, ó sì wá dà bí ẹni tí ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èmi fúnra mi dúró síbẹ̀ ni ó tún burú jù, nítorí pé ó ń wojú mi láti mọ̀ bóyá inú mi dùn.

Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni pé a fi téèpù wọn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ sókè lára ògiri, a fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì kékeré síbẹ̀, òun sì dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Ojú ọdẹ nìyẹn. A kò fi í sí àárín gbùngbùn. A yà á sí ọ̀tún díẹ̀, kí ó lè wà lókè èjìká adájọ́, kì í ṣe nínú ojú rẹ̀. Adájọ́ tí òṣèré bá ń tẹjú mọ́ kò ní lè fi ara balẹ̀ wo eré, yóò máa rò ó pé òun ni wọ́n ń retí èsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmì nìkan kò tó. Mo ní kí ó mú pẹ́ńsù, kí ó kọ ohun tí ọdẹ ṣe sí etí ìwé lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn «ẹ má lọ», ó kọ pé: ó dúró, ṣùgbọ́n kò yíjú. Lẹ́yìn «Ẹ wò wọ́n», ó kọ pé: ó kọ̀. Lẹ́yìn «Òun ni kì í sunkún», ó kọ pé: ó wò ó fìrí. Nígbà tí ó dé ibi àdá, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, «Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó fi àdá náà sílẹ̀ àbí kò fi í sílẹ̀?» Mo ní òun ni kí ó pinnu. Ó pinnu pé ọdẹ ti fẹ́ fi í sílẹ̀, ó tún yí ọkàn padà, ìdí nìyẹn tí ìyá náà fi pariwo orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò tún ti sáré ka ọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé kí ó tó sọ èyí tí ó kàn, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ èsì. Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ yìí, èyí ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ àdásọ kò sí. Ẹnìkejì kàn dákẹ́ ni.

5. Ohùn sísọ

Ibí yìí ni ó gba àkókò jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti wo fíìmù òkèèrè púpọ̀ máa ń fi ìbànújẹ́ hàn nípa fífa ìparí gbólóhùn sókè, tàbí kí wọ́n fa sílébù kan gùn bí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀. Yorùbá kò gba èyí láìsan gbèsè, nítorí pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa fi ń yàtọ̀ síra. Àbúrò mi ń fi omijé sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì ń fa «má» gùn kí ẹ̀bẹ̀ náà lè wọni lára. Nígbà tí mo tún un gbọ́ lórí fóònù, ohun tí ó ń sọ fún ọdẹ ni pé «Baba ọdẹ, ẹ máa lọ». Ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, ó sì ń lé e lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn tí ó parí ọ̀rọ̀ náà gan-an sì ni «Ẹ máa lọ». Bí ti àkọ́kọ́ bá ti jọ ọ́, ìrìn-àjò ìyá náà láti ẹ̀bẹ̀ dé ìgboyà ti bàjẹ́ pátápátá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí «má» kúrú bí ẹni gbá ilẹ̀kùn, kí gbogbo ẹ̀bẹ̀ wà nínú ìdákẹ́ tí ó wà láàárín «Baba ọdẹ» àti «ẹ». Ní gbogbo ibi yòókù, mo fi yé e pé ohun tí òun lè yí padà láìba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ìyára, ìdákẹ́, èémí, agbára ohùn, àti gbígbé gbólóhùn lápapọ̀ sí ìpele tí ó ga tàbí tí ó lọ sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, gbogbo sílébù ló máa ń fẹ́ gun òkè, ohùn ìsàlẹ̀ a sì pòórá. A dán èyí wò báyìí: èmi kọ ẹ̀yìn sí i, òun pa ẹnu dé, ó sì kùn gbólóhùn kan látinú imú, bí onígángan ṣe ń fi ìlù sọ̀rọ̀. Bí mo bá dá gbólóhùn náà mọ̀, ohùn rẹ̀ pé. Bí n kò bá dá a mọ̀, a tún un ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn ìka ìyá ni mo máa ń kùnà láti dá mọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni omijé ti máa ń dé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tún dìde. Ó bi mí pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìtàn Oǹdó, kí ló dé tí kò lè sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú ìró gh wa àti àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ń fi u bẹ̀rẹ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gbà. A gbìyànjú rẹ̀. Ó dùn mọ́ wa lára ju ti ìwé lọ. Ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí àwọn adájọ́ ti wá, ìṣẹ́jú méjì sì kéré jù láti kọ́kọ́ fi etí wọn mọ́ ọn. Àjùmọ̀lò ni a fi parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ní Oǹdó ni wọ́n ti ṣe ọ́díṣọ̀n náà, n kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

6. Ìwúwo ọmọ

Wọn kò gba ohun èlò, síbẹ̀ ìbejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ká ọwọ́ bí ẹni gbá àwo ìrẹsì mọ́ àyà. Ọmọ tuntun sábà máa ń wúwo tó kílò mẹ́ta, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, nítorí náà ni a ṣe pọn omi kún rọ́bà onílítà mẹ́ta méjèèjì, tí ó gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apá ń ro ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì rọ̀. Nígbà tí a gba rọ́bà náà kúrò, ara ṣì rántí. Kò tún ká ọwọ́ bí ẹni gbá àwo mọ́ àyà mọ́ lẹ́yìn èyí.

7. Kíkọ́ sórí

Àwọn ẹgbẹ́ eré tí wọ́n tọ ipa Hubert Ogunde, ẹni tí ó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ ní 1945, kì í sábà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀; òṣèré mọ ibi tí ìran ń lọ, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ débẹ̀. Inú àṣà yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n níbi tí aago bá ti wà, àfikún ẹnu léwu. Ó fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà, ó kọ́ ọ láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá láìfi ìmọ̀lára kankan sí i nígbà tí ó bá ń fọ abọ́. Ó tán.

8. Ìyá aláṣọ

A pe àwọn ará ilé àti aládùúgbò jọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ojúlé tí ó tẹ̀ lé tiwa kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, «Ọmọ ń sùn lápá rẹ, o wá ń pariwo báyìí. Ṣé o fẹ́ jí wọn ni?»

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, «Ẹ ṣeun, Mà.» Èmi kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A ti kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, a sì ń ké lé wọn lórí.

A tún gbogbo rẹ̀ tò. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀. Wàhálà tuntun ni pé kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn, nítorí pé ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Wúyẹ́wúyẹ́ kò ní ohùn nínú, bí kò bá sì ti sí ohùn, ó ṣòro láti gbọ́ ìyàtọ̀ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. A fi téèpù wọn ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní ẹ̀yìnkùlé, mo dúró sí òpin rẹ̀, ó sì ń fi èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn ti ohùn kékeré náà, ó ń fi ètè àti ahọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, títí tí mo fi ń gbọ́ «Iná ni mo ń tọrọ» láìná ọrùn. Ibì kan ṣoṣo ni a fi ariwo sí: «Baba ọdẹ!» Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó bi í pé «Ẹ ti ń lọ?», ó ní láti wo ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì rẹ àwọn ọmọ náà díẹ̀, nítorí pé ó ti jí wọn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni ìrẹ̀lẹ́kún yẹn gbà. Ó wà lára èyí tí a ti fi sílẹ̀ nígbà gígé.

9. Àkúrẹ́

A gba Bólọ́rundúró àti Ọ̀wẹ̀nà kọjá ní òwúrọ̀, ó sì ń kùn ọ̀rọ̀ náà látinú imú nínú ọkọ̀, débi pé ẹni tí ó jókòó tì í bi í bóyá eyín ń dùn ún. Èrò pọ̀ ní gbọ̀ngàn náà. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ẹkún láti inú lọ́hùn-ún.

Àwọn adájọ́ jókòó sí ìsàlẹ̀, òṣèré sì dúró lórí ìtàgé, nítorí náà ibi tí a ti fi ojú ọdẹ sí ga jù. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun wọ ọdẹ náà sílẹ̀ sí etí fèrèsé kan, ó sì bọ́ sí i. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan, ó dákẹ́, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ibi èèwọ̀. Ẹni tí ó ń darí eré náà ní, «Ẹ ṣeun. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ ọdẹ yìí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó dà bíi pé inú yín ń dùn pé ó ń lọ.»

Ẹni tí ó kọ́ ohùn àti ìṣesí sórí pọ̀ ni ibí yìí ti máa ń pa. Àbúrò mi yí èsì ọdẹ padà lórí ìdúró: dípò ọdẹ tí ń sá, ó rí ọdẹ tí ń bẹ̀rù rẹ̀. «Ẹ má lọ» di yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ nínú ìwé. Wọ́n jẹ́ kí ó parí rẹ̀, wọ́n tún fún un ní ojú ewé kan tí kò rí rí pé kí ó kà pẹ̀lú òṣèré mìíràn, wọ́n sì béèrè ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tí a ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí káàkiri. Ẹ máa mú ẹ̀dà mímọ́ kan dání, pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Wọ́n pè é lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe ipa olórí ni wọ́n fún un: ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọjà, ó ní ọ̀rọ̀ nínú ìran méjì, òun ni yóò sì dúró fún ẹni tí ó ń ṣe ìyá ọba bí ara onítọ̀hún kò bá yá. Ríhásà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó kù ní ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùdarí máa ń béèrè méjì tí kò jọra. A ti ní ẹ̀dà àkọ́kọ́: obìnrin kan àti ọlọ́kadà tí ó ní òun kò ní ṣéńjì. Ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, èsì ọlọ́kadà kò sì tíì sí ní etí ìwé.